Iye Ọmọ àti Èsì Ẹ̀kọ́ ní Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Oko Ìbàdàn láti 1955

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ará ìlú Ìbàdàn máa ń sọ nípa ará oko, òun ni pé ará oko kò ka ìwé sí. Wọ́n ní àgbẹ̀ fẹ́ràn ọkọ́ ju gègé lọ, wọ́n sì ní ọmọ oko kì í tètè mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ẹnu ará ọjà nìkan. Ó máa ń yọjú nígbàkígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, tí èsì ilé-ẹ̀kọ́ kan ní oko kò sì tó ti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìgboro. Láti orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ti máa ń pinnu ibi tí olùkọ́ dáadáa yóò lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gba yàrá tuntun, àti èyí tí wọn yóò pa pọ̀ mọ́ òmíràn. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti inú ìtàn. Kókó rẹ̀ ni pé èsì ẹ̀kọ́ ní oko Ìbàdàn kò ní ìtumọ̀ kan pàtó títí di ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ mọ iye ọmọ tí ó wọlé, irú ọmọ tí wọ́n jẹ́, iye tí ó kù dé ìparí, àti àkókò tí wọ́n rí àyè jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ó yẹ kí wọ́n wò, kí wọ́n tó sọ ọmọ oko ní olódo, ni oko Ìbàdàn fúnra rẹ̀.

Agbègbè tí iṣẹ́ yìí dá lé ni àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Làgelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní 1976 ni wọ́n dá Akínyẹlé àti Làgelú sílẹ̀, tí ibùjókòó wọn sì wà ní Mọ́níyà àti Ìyànà-Ọ̀fà. Ní 1989 ni Ẹ̀gbẹ́dá dá dúró, tí Ọ̀nà-Àrà náà sì dá dúró pẹ̀lú ibùjókòó rẹ̀ ní Àkànrán. Ní 1955, abẹ́ Ibadan District Council ni agbègbè wọn wà. Lẹ́tà I.D.C. tí ó wà lára pátákó ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ oko jẹ́ ìrántí ìgbìmọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí I.M.G. ti jẹ́ ìrántí ìjọba ìgboro.

1. Ilé àti oko

Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829. Àwọn balógun tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ gba ilẹ̀ lọ títí, wọ́n sì fi àwọn ará ilé wọn, ìwọ̀fà àti ẹrú sí i láti máa dáko. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ abúlé fi ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà tàbí orúkọ agboolé tí ó ti wá. Ìwé The City of Ibadan, tí P. C. Lloyd, Akin Mábògùnjẹ́ àti Bọ́láńlé Awẹ́ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967, fi ìbáṣepọ̀ ìlú pẹ̀lú àwọn oko rẹ̀ hàn. Oko kì í ṣe ìlú mìíràn tí ó dá dúró. Apá kan ilé ni. Àgbẹ̀ tí ó ń gbé ní abúlé ní Làgelú máa ń pe agboolé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ilé. Ibẹ̀ ni yóò lọ fún ìsìnkú, ìgbéyàwó, ọdún Iléyá àti ìpàdé ẹbí. Ibẹ̀ ni yóò sì fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

Èyí ní ohun tí ó ń ṣe sí kíka ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ Ìbàdàn jẹ́ ọmọ ibùgbé méjì. Bàbá rẹ̀ lè fi í sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ìlú kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì pè é padà sí oko nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n wà ní ìlú, àbúrò sì wà ní oko. Ìkànìyàn 1952 sọ pé ènìyàn 459,196 ni ó wà ní Ìbàdàn, ti 1963 sì sọ pé 627,379 ni. Iye méjèèjì ka ènìyàn sí ibi kan ṣoṣo, nígbà tí ìgbésí ayé agboolé púpọ̀ pín sí méjì. Bí ó ti rí nínú ìkànìyàn náà ni ó rí nínú rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ ọmọ kan lè wà ní oko nígbà tí ọmọ wà ní ilé. Ọmọ tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ oko sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta kò fi dandan fi ìwé sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìlú ni wọ́n mú un lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí wọ́n rí i pé orí rẹ̀ pé jù ni wọ́n máa ń yàn láti rán lọ sí ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ oko a sì ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn tí ó kù.

2. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé

David Hinderer ti ìjọ C.M.S. dé Ìbàdàn ní 1851. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, padà wá láti gbé ibẹ̀ ní 1853, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Díẹ̀ ni àwọn òbí tí ó kọ́kọ́ gbà láti fi ọmọ sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ìwé kíkà jẹ́ ti ìjọ àti ti ìlú ju ti oko lọ. Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà ní oko, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sábà máa ń bí i, olùkọ́ ìjọ a sì máa fi ọwọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì, kí ó fi èkejì kọ́ wọn ní á, bí, dí.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìbàdàn jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ kò ní padà wálé ní Mùsùlùmí. Ilé-kéwú ni wọ́n mọ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀: wọ́n ń fi ọwọ́ kọ wàláà, wọ́n ń há ọ̀rọ̀ sórí, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ka ẹ̀kọ́ sí kò sọ òtítọ́. Irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé wá, ọ̀nà tí ó gbà wá, àti owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ni kò bá wọn lára mu. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà títí dé Sítándáàdì Kẹfà, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ga sí i bí ọmọ bá ṣe ń gòkè.

3. Oṣù Kìn-ín-ní 1955

Ní Oṣù Keje 1952, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ríi pé owó wà fún un àti fún ètò ìlera, ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ dá a lábàá pé kí olúkúlùkù asanwó-orí san ṣílè mẹ́wàá àti sísì ní àfikún. Owó yìí dá ìjà sílẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabù àti ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ rẹ̀ di agbẹnusọ fún àwọn tí owó-orí ń ni lára, Adélabù fúnra rẹ̀ sì di alága Ibadan District Council ní 1954. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún náà, N.C.N.C. fi ẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ó rọrùn láti inú èyí láti sọ pé àwọn àgbẹ̀ kọ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 Oṣù Kìn-ín-ní 1955, tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, fi hàn pé owó-orí ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ ìwé. Ìjọba ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 170,000 ọmọ ni yóò wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Àwọn tí ó wọlé ju 391,000 lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì iye tí wọ́n retí lọ. Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600 ní 1954; wọ́n di 811,432 ní 1955. Nígbà tí ó fi di 1960, wọ́n ti lé ní 1,120,000.

Ó yẹ kí ẹni tí ń lo iye wọ̀nyí ṣọ́ra. Ìwọ̀-Oòrùn ti 1955 gbòòrò ju ti ọjọ́ iwájú lọ: Bìní, Àsábà àti Wárì wà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi yọ agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò ní 1963. Ẹni tí ó bá fi iye ọmọ ti 1960 wé ti àwọn ọdún lẹ́yìn 1963 láìrántí èyí yóò rò pé ogunlọ́gọ̀ ọmọ ti sá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ààlà ilẹ̀ ni ó sún. Síbẹ̀, ìtumọ̀ ìbísí ti 1955 kò ní iyèméjì. Ìwọ̀nba ọmọ ni ìlú ní. Láti inú àwọn ìdílé tí kò ní ẹni tí ó mọ̀wé rí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀, ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti lè wá.

4. Àwọn ọmọ wo ni ó wọlé?

Ohun kìn-ín-ní ni ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni òfin sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ oko kò ní ìwé ọjọ́-ìbí. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí ó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o ni ó tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ìwọ̀n yìí kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ga àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní oko. Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tí owó ti dí lọ́nà tẹ́lẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn. Kíláàsì kan ṣoṣo wá kún fún ọjọ́ orí oríṣiríṣi. Ọmọ tí ó wọlé ní ọdún mẹ́wàá yóò ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ó tó dé ìdánwò àṣejáde. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ti ní oko tirẹ̀. Obìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ti ní àfẹ́sọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kò fi ìwé sílẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n dàgbà kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mú kí ọmọbìnrin púpọ̀ wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé bàbá kò ní láti yàn mọ́ láàárín owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọbìnrin ń ṣe nílé kò di ọ̀fẹ́. Omi ni òun yóò pọn, àbúrò ni yóò pọ̀n, gàrí ni yóò bá ìyá rẹ̀ yan. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀tá tirẹ̀ jù, nítorí pé ọjà oko kì í tẹ̀lé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òyìnbó. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrún-ọrún yóò bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tí yóò pè é ní ìsáǹsá.

Ohun kẹta ni pé ọmọ àkọ́bí-ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn. Nílé, kò sí ẹni tí yóò wo ìwé tí ó kọ. Ìwé kan ṣoṣo tí ó wà lè jẹ́ Kùránì bàbá rẹ̀ tàbí Bíbélì ìyá rẹ̀. Fìtílà wà, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ ní owó. Èkó tí ọmọ tíṣà ń gbà nílé láìmọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ọmọ àgbẹ̀ ti lè gbà á.

Ohun kẹrin ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbìmọ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí, bí Ansar-ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, fún ọmọ Mùsùlùmí ní ibi tí ẹ̀rù kò ti ba òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fi ilé-kéwú sílẹ̀. Olùkọ́ méjì ni ó ń sìn, èdè mẹ́ta ni ó sì ń bá jìjàkadì: Yorùbá tí ó gbọ́, Lárúbáwá tí ó há sórí, àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi dán an wò.

5. Kòkó àti ìdánwò

Kò sí ohun tí ó ṣe àlàyé èsì ẹ̀kọ́ ní oko Ìbàdàn tó ìgbà iṣẹ́. Kòkó ni ó mú owó wọ oko wọ̀nyí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ìgbà ìkórè rẹ̀ tí ó tóbi jù sì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹwàá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ẹ̀ka iṣẹ́ tí ọwọ́ ọmọdé tó nínú kòkó pọ̀: kíkó èso jọ, yíyọ hóró rẹ̀ lẹ́yìn tí àgbà bá ti fọ́ ọ, rírù ú dé ilé, sísá a, kíkó o wọlé bí òjò bá ṣú, àti lílé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní owó láti gba alágbàṣe, ọmọ rẹ̀ ni alágbàṣe rẹ̀.

Ní 1955 àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, Oṣù Kejìlá ni ó sì ń parí. Ìdánwò àṣejáde wá ń bọ́ sí àárín kòkó gan-an. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ìgboro fi ń tún ìwé kà ni ọmọ Àkànrán fi ń sá kòkó. Ní àwọn ọdún 1970, ọdún ẹ̀kọ́ di èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án. Ìdánwò bọ́ lọ́wọ́ kòkó, ṣùgbọ́n ọmọ tuntun bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí pé sáà àkọ́kọ́, tí ó yẹ kí ó mọ á, bí, dí, ni ìkórè wọlé. Kò sí ọ̀kan nínú kàlẹ́ńdà méjèèjì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú oko lọ́kàn.

Ó yẹ kí wọ́n sọ ìdà kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Kòkó kan náà tí ó ń dá ọmọ dúró ni ó ń ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àti sílétì fún un. Sara Berry, nínú ìwé tí ó kọ ní 1985 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ìhà Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, fi hàn bí àgbẹ̀ ti ń fi èrè kòkó rán ọmọ nílé-ìwé kí ọmọ má baà di àgbẹ̀. Ti Ìbàdàn kò yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí kòkó bá sì wó, ilé-ẹ̀kọ́ a wó pẹ̀lú rẹ̀. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1944, jẹ́ kí wọ́n gé igi kòkó àgbà ní oko Ìbàdàn. Ní 1965, ìjọba dín owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí kòkó kù gidigidi. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, nígbà tí Táfà Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ Àkànrán, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọlọ́rundá dìde sí owó-orí àti sí ìwà àwọn agbowó-orí. Kí ìjà náà tó rọlẹ̀, ìjọba Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ẹni tí ó bá ń ka èsì ìdánwò oko wọ̀nyí ní ìparí àwọn ọdún 1960 láìrántí ohun tí ó wà nínú ilé àwọn ọmọ náà, ewé ló ń kà, kò ka igi.

6. Olùkọ́ àti èdè

Nígbà tí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan, olùkọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó dúró níwájú kíláàsì kò tíì gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ni rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún ẹ̀kọ́ ti dín kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ tí S. A. Bánjọ jẹ́ alága rẹ̀, tí ó jábọ̀ ní 1961, gbà pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó sì tọ́ka sí àìtó olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìdí pàtàkì. Ìlú àti oko ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ fẹ́ ibi tí omi ẹ̀rọ wà, tí ọkọ̀ ń ná. Àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oko a máa wá ọ̀nà padà sí ìgboro, àwọn mìíràn a sì máa gbé ìlú lọ ṣiṣẹ́ ní oko, tí òjò bá sì ba ọ̀nà jẹ́, kíláàsì a di ti ọmọ nìkan.

Ti èdè náà ṣe pàtàkì. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni láti kíláàsì kẹrin. Ọmọ ìgboro ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò àti ní ẹnu ará ọ́fíìsì. Ọmọ oko kò gbọ́ ọ níbòmíràn ju ẹnu tíṣà tí òun náà ń wá ọ̀rọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì gbẹ́yìn lọ́wọ́ wọn. Ohun tí èyí sọ fún oko Ìbàdàn ni pé apá kan ohun tí ìdánwò ń pè ní àìmọ̀wé jẹ́ àìgbọ́ èdè ìdánwò.

7. Bí èsì ti ṣe yẹ kí wọ́n kà á

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, báwo ni ìwé èsì ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà? Àpẹẹrẹ kan tó. Kí wọ́n gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì wà, tí ọmọ 80 wọ kíláàsì kìn-ín-ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àkọ́kọ́, ọmọ 20 péré ni ó kù dé ìdánwò, 16 sì yege. Ní ti èkejì, ọmọ 60 dé ìdánwò, 36 sì yege. Ìwé èsì yóò yin ti àkọ́kọ́, nítorí pé 80 nínú 100 àwọn tí ó jókòó ni ó yege, nígbà tí ti èkejì jẹ́ 60 nínú 100. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 80 tí òbí fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kó 16 yọ, èkejì sì kó 36 yọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò bá wí ni ó ṣe iṣẹ́ ju ìlọ́po méjì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tí àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí níbòmíràn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá tí James Coleman darí, tí ó jáde ní 1966, sọ pé ilé tí ọmọ ti wá ní agbára lórí èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ní 1983, Heyneman àti Loxley wo orílẹ̀-èdè 29, wọ́n sì rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ ni agbára wọn pọ̀ jù. Oko Ìbàdàn jẹ́ kí ó hàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Ilé ni ó ń pinnu iye ọjọ́ tí ọmọ yóò rí wá. Olùkọ́ ni ó ń pinnu ohun tí yóò bá níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wá.

Ìtumọ̀ yíyege fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní 1960, ìdánwò ìparí ni asẹ́ tí ń yọ ìwọ̀nba ọmọ tí yóò lọ sí girama, tí àwọn mìíràn sì ń lọ sí Mọ́dà. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Láti 1979, nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, owó girama kúrò, ilé-ẹ̀kọ́ girama sì dé àwọn ìlú kéékèèké. Ọmọ oko tí ì bá dúró ní kíláàsì kẹfà rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n sọ pé èsì wálẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún sọ pé àwọn tí asẹ́ ti máa ń dà nù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń kà mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ náà tún ti yí padà láti ìgbà náà. Ìgboro ti tàn dé Ẹ̀gbẹ́dá, Ọjọ́ọ̀ àti Mọ́níyà. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn tí ó ju 280,000 lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá àti tí ó ju 210,000 lọ sí Akínyẹlé, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe àgbẹ̀. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ I.D.C. kan náà, ọmọ mẹkáníìkì àti ọmọ ayálégbé lè jókòó níbi tí ọmọ oníkòkó ti jókòó ní 1955. Ní abúlé tí ó jìn, ọmọ alágbàṣe tí ó ti òkèèrè wá àti ọmọ Fúlàní láti gáà lè wà láàárín wọn. Àwọn tí ọwọ́ wọn bá sì tó o ti kó ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Fífi èsì irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wé ti 1960 bí ẹni pé ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni, orúkọ ara pátákó nìkan ló ń fi wéra.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ oko Ìbàdàn láti 1955 kò fi ìdí ọ̀rọ̀ tí ará ìlú ń sọ múlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n sọ pé kò ka ìwé sí wà lára àwọn tí ó kó ọmọ wọlé ju ìlọ́po méjì ohun tí ìjọba retí. Ohun tí ó fa èsì wọn sẹ́yìn ni ọjọ́ orí tí kò dọ́gba, ibùgbé méjì, kòkó tí kò bá kàlẹ́ńdà mu, olùkọ́ tí kò tó, èdè tí wọn kò gbọ́, àti owó tí ń lọ tí ń bọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ṣeé kà, tí ó sì ṣeé tún ṣe. Kí wọ́n tó gba olùkọ́ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan, tàbí kí wọ́n tó pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó yẹ kí wọ́n béèrè ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀: ìwé orúkọ àwọn tí ó wọlé, ìwé àwọn tí ó kúrò àti ibi tí wọ́n lọ, àti ìwé ọjọ́ tí wọ́n wá láti Oṣù Kẹwàá dé Oṣù Kìn-ín-ní. Ìwé èsì ni ó yẹ kí ó ṣe ìkẹrin.